Kọ̀ǹpútà tó kọ̀ tí kò kú: ẹ má tíì di ẹ̀bi ru fáírọ́ọ̀sì

Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ ní tiyín kì í tètè kú, pé bí ẹ bá ti tẹ Shut down, àmì róbótó yẹn á kàn máa yí ṣáá. Ẹ ò ní tíì sọ̀rọ̀ tán tí yóò fi dá yín lóhùn: "Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sanwó fọ́máàtì nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó sì ń dunni níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dára. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kọ̀ǹpútà á máa kú wàrà bó ṣe yẹ. Tó bá yá, ó tún di kó máa há.

Ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Wọ́n fọ́máàtì, ó dára, ta ni yóò tún jiyàn? Ṣùgbọ́n fọ́máàtì, ìyẹn kí wọ́n nu gbogbo inú kọ̀ǹpútà kúrò kí wọ́n sì tún Windows fi sí i, kì í ṣa ohun tó ń lé. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà, á lọ. Áàpù tó ti bàjẹ́ á lọ, driver (ètò tó ń bá ẹ̀rọ bíi pírińtà àti Wi-Fi sọ̀rọ̀) tí kò bá Windows mu náà á lọ. Bí èèyàn bá dáná sun ilé nítorí eku, eku á kúrò lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ò fi hàn pé eku ló ń jí ẹran jẹ.

Nígbà tí a bá tẹ Shut down, Windows kì í kàn já iná. Ó máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn gbogbo áàpù tó ṣí, pé a fẹ́ sùn o, ṣé o ti palẹ̀ mọ́? Èyí tí kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sójú, pé òun ló ń dá wa dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ka orúkọ yẹn! Èmi náà ti sáré tẹ "Shut down anyway" láìmọye ìgbà láìwojú ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn áàpù, ó kan àwọn service tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni àwọn driver. Áàpù ṣeé fipá lé jáde. Ọ̀pọ̀ driver ò rí bẹ́ẹ̀, torí inú ìyẹ̀wù ọba, ìyẹn àárín gbùngbùn Windows fúnra rẹ̀, ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀ tí kò tú ẹ̀rọ tó dì mú sílẹ̀, gbogbo ilé á jókòó dè é. Nígbà mìíràn, ojú kọ̀ǹpútà á di búlúù, ẹ ó sì rí DRIVER_POWER_STATE_FAILURE níbẹ̀.

Mi ò ní fáírọ́ọ̀sì ò lè fà á o. Àmọ́ olè tó wọlé ẹni kì í fẹ́ pariwo. Àìsàn yìí sì ti pẹ́: Windows 98 Second Edition tó jáde ní 1999 máa ń há nígbà tí wọ́n bá ń pa á, débi pé Microsoft fúnra wọn gbé àtúnṣe kan jáde fún ìyẹn nìkan. Shutdown Supplement ni wọ́n pè é.

Ohun mìíràn tún wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ. "Mo ti pa á, mo ti tún un tàn, kò yí padà." Láti Windows 8 ní 2012 ni wọ́n ti mú Fast Startup wá, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tètè tàn. Níbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́, Shut down kì í nu gbogbo nǹkan kúrò: Windows á kó ìyẹ̀wù ọba yẹn, pẹ̀lú driver inú rẹ̀, sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ hiberfil.sys, á sì kó o padà nígbà tí ẹ bá tàn án. Driver tó ṣorí kunkun lánàá ni ẹ tún jí lónìí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ di Shift mú bí ẹ bá fẹ́ tẹ Shut down, á kú pátápátá lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dáa lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí Power Options nínú Control Panel, ẹ wọ "Choose what the power buttons do", kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú Fast Startup.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo yọ wáyà pírińtà aláwọ̀ mèremère tó fi ń tẹ ìwé ìpè ìnáwó. Kọ̀ǹpútà kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo dá wáyà padà, ó há. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kú. Mo wá bi ẹ̀gbọ́n mi pé ta ló ń fi driver pírińtà yìí sí i lẹ́yìn fọ́máàtì. Wọ́n ní àwọn ni, láti inú síídì tó bá a wá. Kì í sì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fọ́máàtì ni wọ́n ń fi í sí i. Ó di ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ìwé ìpè wá. Ọ̀sẹ̀ méjì wa nìyẹn.

A yọ driver náà kúrò, a lọ gba tuntun tó bá Windows 10 mu lórí ìkànnì àwọn tó ṣe pírińtà. Kí ọkàn wọn lè balẹ̀, mo tún fi Microsoft Defender Offline tó wà nínú Windows Security yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Kò gba kọ́bọ̀, kò sì rí nǹkan kan.

Bí ẹ bá rí i lójú kọ̀ǹpútà pé ó ń ṣe update, ìyẹn kì í ṣe pé ó há. Ẹ fi í sílẹ̀, kódà bí iná bá fẹ́ lọ, kí ẹ wá bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀ dì í mú.

Síídì yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Wọ́n ní àwọn ò lè jù ú nù, torí owó làwọn fi rà á. Mo fi máákà kọ "ẸRÙ Ẹ̀BI" sí i lára.