Oko Ìwádìí Tí Igbó Bò Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfìfo

Ẹni tó bá wọ oko ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n ti pa tì, ilé gíláàsì tí igi ti gba òrùlé rẹ̀ yọrí síta ló sábà máa ń yà á lẹ́nu. Àmọ́ kó sún mọ́ àwọn igi eléso tó tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́yìn ilé náà. Lára ọ̀kan, ó lè rí pánù pẹlẹbẹ kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ẹ̀ka nígbà tí igi ṣì kéré. Igi ti dàgbà, èèpo rẹ̀ ti gbé wáyà mì, ó sì ti ń gbé pánù náà mì bọ̀. Nọ́ńbà méjì mẹ́ta ló kù tójú rí. Nọ́ńbà yẹn ni orúkọ igi náà. Bí pánù náà bá wọlé tán, tí ikán sì jẹ ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí wọ́n ti mú igi yẹn wá mọ́, tàbí ohun tí wọ́n ń wá lára rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kò yẹ kí ìjọba kankan ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí wọ́n kó katakata wọ̀ ọ́, àfi bí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà bá ti ka igi, irúgbìn àti ìwé tó wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ti wá ibi tí wọ́n máa tọ́jú wọn sí.

Ohun tó ṣọ̀wọ́n jù nínú oko ìwádìí ni ọdún tó ti lọ sí i. Ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1843 ni John Lawes àti Joseph Gilbert bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àlìkámà lórí oko Broadbalk, wọ́n ṣì ń gbìn ín títí dòní. Abala kan wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì fi ajílẹ̀ sí rí láti ìgbà náà, kí wọ́n lè máa fi àwọn yòókù wé e. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan péré ti ba iṣẹ́ ìran mẹ́fà méje jẹ́, owó ò sì lè tún un ṣe.

Irúgbìn ṣeé pín, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Nígbà tí ogun lé àwọn òṣìṣẹ́ ICARDA, àjọ ìwádìí ọ̀gbìn fún ilẹ̀ gbígbẹ, kúrò ní Tel Hadya, nítòsí Aleppo ní Síríà, wọ́n ti kó ẹ̀dà irúgbìn wọn lọ sí ilé ìpamọ́ irúgbìn tó wà nínú òkè kan ní Svalbard, erékùṣù olótùútù nílẹ̀ Nọ́wè. Lọ́dún 2015 wọ́n lọ gbà lára rẹ̀, wọ́n sì tún un gbìn ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò. Ti igi ápù kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbin kóró rẹ̀, ohun tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n ń gé so mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn. Igi tó wà lórí ìdúró gan-an ni ilé ìpamọ́. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi ta lọ́dún 2010, nígbà tí ilé ẹjọ́ Rọ́ṣíà ní kí wọ́n gba ilẹ̀ ibùdó Pavlovsk, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú igi eléso, tó ti wà láti 1926, láti fi kọ́ ilé. Àwọn onímọ̀ káàkiri ayé kígbe, wọ́n kọ lẹ́tà, wọn ò dákẹ́ títí tí ìjọba fi jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Àwọn kan á ní oko tó ti kú ti kú, àwọn èèyàn ń wá ilé. Òótọ́ ni pé ilé ò tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí Norman Borlaug, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Amẹ́ríkà. Nígbà tó dé ibùdó ìwádìí àfonífojì Yaqui ní Sonora, ní Mẹ́síkò, lọ́dún 1945, ahoro ló bá: fèrèsé ti fọ́, eku ti gba ilé. Ibẹ̀ náà ló sùn, ibẹ̀ ló gbin àlìkámà rẹ̀ sí. Àlìkámà kúkúrú tí àrùn ìpẹtà kì í tètè mú, tó gba ibẹ̀ jáde, ló bọ́ ẹgbàágbèje ẹnu, òun ló sì gba Ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lé e lọ́wọ́ lọ́dún 1970. Ká ní wọ́n ti ta ahoro yẹn ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń gbé kámẹ́rà wọ irú ibi bẹ́ẹ̀. A ò bú yín, fọ́tò yín lè jẹ́ ẹ̀rí pé igi kan ṣì wà láàyè. Àmọ́ ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ má sì já nọ́ńbà lára igi láti fi ṣe ìrántí. Ẹ má sún mọ́ yàrá òògùn apakòkòrò. Láyé àtijọ́, òògùn tí wọ́n fi òjé àti májèlé tó ń jẹ́ arsenic ṣe ni wọ́n ń fọ́n sí oko èso, ó sì máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kíkà tí a ń sọ yìí ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Nínú wọn la ti lè rí ẹni tó ṣì lè rìn láàárín àwọn igi náà, kó fọwọ́ kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì dárúkọ wọn láìwo pánù. Àgbàlagbà ni wọ́n. Kí wọ́n pè wọ́n lọ́dún yìí, kí ẹnì kan tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ìwé àti gègé.