Ṣé "A Dúpẹ́" Ló Ń Jẹ́ Ayọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lórí rédíò láàárọ̀ yìí ṣì ń bí mi nínú. Bọ̀dá kan ní ọwọ́ oníkálukú ni ayọ̀ rẹ̀ wà, pé ẹni tó bá ń fi gbogbo ìgbà ka iye tí wọ́n ń ta gaàrí kò lè láyọ̀ láéláé. Ó tún fa ìwádìí World Values Survey tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003 yọ, èyí tó ní àwa ọmọ Nàìjíríà la láyọ̀ jù lágbàáyé. 2003! Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, tí Ààrẹ ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ṣé ó ti dé nígbà náà? Àwọn tó ń pè wọlé kàn ń ṣe àmín ni.

Ìyá alákàrà àdúgbò wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò gbé agbada kaná. Owó tí wọ́n fi ń ra kóńgò ẹ̀wà márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò ra méjì mọ́. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó mà, ṣé kò sí o?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." Bí gbogbo wa ṣe ń wí nìyẹn. Ebi ń pa wá, a dúpẹ́. Onílé fowó kún owó ilé, a dúpẹ́.

Ohun tó wá da ọkàn mi rú nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n padà sídìí àkàrà, ọmọ ọmọ wọn sáré dé, ó ní èsì WAEC òun ti jáde, òun yege. Bí Ìyá ṣe fò dìde nìyẹn! Ṣíbí tí wọ́n fi ń dín àkàrà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, epo ń kán sí wọn láṣọ, wọ́n ń jó, àkàrà ń jóná nínú agbada, wọn ò tiẹ̀ bojú wò ó. Omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi tí mo wá ra ti 500 náírà, àtẹ́wọ́ ni mo ń pa.

Ayọ̀ gidi nìyẹn, mi ò lè jiyàn. Ẹ̀wà kò sì wálẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa san owó yunifásítì ọmọ yẹn. Ṣé bọ̀dá orí rédíò wá jàre ni? Rárá o. Ẹni tó yó tó ń kọ́ ẹni tí ebi ń pa bí wọ́n ṣe ń láyọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè wọ̀ mí létí. Àmọ́ nígbà tí mo kí Ìyá ní ìrọ̀lẹ́ yìí, tí wọ́n tún ní "A dúpẹ́", mo tẹjú mọ́ wọn títí, mi ò mọ èyí tó jẹ́: ti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán ni, àbí ti Sátidé.