Ẹ má pa màmá àgbà lẹ́nu mọ́

Inú ń bí mi látàná, ẹ jẹ́ n tú u síta síbí.

Mo gbé ọmọ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa tún ẹ̀rọ etí tó fi ń gbọ́rọ̀ ṣe. A jókòó kó tó kàn wá, ìyá ọlọ́mọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó gbé ọmọ ẹ̀ lé ẹsẹ̀, ọmọ yẹn ò tíì pé ọdún mẹ́ta, oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀rọ sí i létí. Mo ní báwo ni, ṣé ó ti ń dáhùn? Ó ní díẹ̀díẹ̀, Àǹtí. Yorùbá Ìbàdàn tó dán mọ́rán ló ń bá mi sọ o, àmọ́ tó bá ti yíjú sọ́mọ báyìí, "Come. Sit. Good boy." Òyìnbó ọ̀hún ò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń wá ọ̀rọ̀ ni, tí ò bá rí i á kàn dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní wọ́n ti kìlọ̀ fóun pé èdè méjì máa da orí ọmọ náà rú, kóun mú òyìnbó nìkan, òyìnbó ṣáà ni wọ́n máa fi kọ́ ọ ní skúùlù.

Ara mi gbọ̀n. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n sọ fémi náà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ ìtàn ọmọ mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nígbà tí kòkòrò wọnú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn wà lára ohun tí wọ́n fi gbà á sílẹ̀. Mi ò ní bú abẹ́rẹ́ yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n ó máa ń ba etí inú jẹ́ nígbà míì, àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, àìsàn yẹn fúnra ẹ̀ náà sì lè ṣe é, kò sẹ́ni tó lè búra fún mi pé èwo nínú méjèèjì ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó ní ẹ gbé e padà wá ká yẹ etí ẹ̀ wò. Mo gbé e lọ gbabẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá, mo tún gbé e lọ lóṣù kẹsàn-án, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì, ọ̀rọ̀ etí ò jẹyọ rárá. Bẹ́ẹ̀, yíyẹ etí ìkókó wò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, wọ́n á ti nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ létí, ọmọ á máa sùn lọ ní tiẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é kó tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Tèmi pé ọdún méjì àtoṣù mẹ́rin kí n tó mọ̀. Ó ń gbọ́ àwọn ìró tó rinlẹ̀, jẹnẹrétọ̀, ìlù, ilẹ̀kùn tó gbá, á yíjú, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Gbogbo ayé ní ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ká lọ gé okùn abẹ́ ahọ́n ẹ̀.

Àfìgbà tá a wá rí ẹ̀rọ etí rà (owó ẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́), ni wọ́n bá ní ká jáwọ́ nínú Yorùbá.

Màmá mi ló ń bá mi tọ́jú ọmọ nígbà yẹn, màmá mi ò sì gbọ́ òyìnbó. Mo délé, mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Kí n wá máa fi kí ni bá a sọ̀rọ̀?" Mi ò rí nǹkan fi fèsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, màmá mi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ń wẹ ọmọ, oríkì ni wọ́n fi ń bomi sí i lára, oṣù méje gbáko ni wọ́n fi wẹ ọmọ mi láìlanu. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á fọwọ́ pa á lórí, wọn ò ní fọhùn. Mo wọlé lọ́jọ́ kan mo bá àwọn méjèèjì lórí ẹní, ọmọ tẹjú mọ́ ẹnu màmá àgbà, ó ń dúró kí ẹnu yẹn ṣí. Kò ṣí. Èmi ni mo pa á dé.

Àwọn fúnra wọn ló sú. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú, wọ́n gbé ọmọ sínú báàfù, wọ́n bẹ̀rẹ̀, Àjàní ọkọ mi, Àjàní ọkọ mi. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, mo wà ní kíṣìnì, mo gbọ́ ọ ní pálọ̀, "À-à-í. À-à-í." Kò sí j, kò sí n, ohùn nìkan ló gbé, ó sì gbé e pé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sunkún.

Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ báyìí, ọmọ Yorùbá lòun náà, òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní ibi tó bàjẹ́ jù létí ọmọ mi ni ibi tó ń gbọ́ ìró tó lọ sókè tó rí tín-ín-rín, s, f, ṣ, àwọn wọ̀nyẹn, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni dò re mí wa wà, ibi tó ṣẹ́kù fún un nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ìlù dùndún ní s àti f ni? A sì ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ó ní kò sí ìwádìí gidi kan tó ní èdè méjì ń pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n fi àwòrán ọ̀bẹ hàn án, ó ní "ọ̀-ẹ", wọ́n fún un ní òdo, torí kò pè é ní knife. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní òyìnbó ló ń gbé èèyàn débi gíga. Ẹ ṣeun. Ọmọ tí ò lè bá ìyá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀, ibo ló ń lọ?

Gbogbo èyí ni mo rò fún ìyá ọlọ́mọ yẹn lánàá, ó ń mi orí, ojú ẹ̀ ti kún fómi. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ máa ń fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ náà?"

Mo dákẹ́.

Torí ẹni tó ní ká pa Yorùbá tì náà ló ní ká má fi èdè ọwọ́ hàn án o, pé tó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹnu ẹ̀ máa ya ọ̀lẹ. Mo kọ̀ fún un lórí Yorùbá, mo gbà fún un lórí ọwọ́, mi ò tiẹ̀ ronú sí i. Nínú Ìbàdàn yìí kan náà tí Andrew Foster dá skúùlù àwọn adití sílẹ̀ sí ní 1960, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, adití lòun náà, yírùnyírùn ló dí i létí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Èdè ọwọ́ ló fi kọ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọbìnrin méjì ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀ máíkírà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ mi dúró gbagidi ó ń wò wọ́n. Mo fà á lọ́wọ́ pé ká máa lọ.

Alaalẹ́ la máa ń yọ ẹ̀rọ létí ẹ̀. Tí mo bá ti yọ ọ́, tí iná ò sí, fóònù ni mo máa ń tàn sí ojú ara mi kó lè rí ẹnu mi. Lálẹ́ àná, ó gbé ọwọ́ sókè nínú iná fóònù yẹn, ó fi ìka ṣe nǹkan kan sí mi, ó tún un ṣe, ó ń wojú mi. Ó lè jẹ́ eré ló ń ṣe. Ó lè jẹ́ ohun tó rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yẹn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ tó ń lo ẹ̀rọ etí, tẹ́ ẹ sì tún ń fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ dín kù? Ọmọ ọdún méje ni tèmi báyìí. Mi ò tíì sọ fún bàbá ẹ̀ pé mo ń béèrè.