“Ẹ Wo Mítà Yín, Ọ̀gá”

Oṣù kẹta ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ adín-iná-kù sábà máa ń wọlé, nígbà tí ooru bá mú, tí owó iná sì ń ká ọlọ́jà lára. Ẹnì kan á gbé páálí kékeré wọ sùpámákẹ́ẹ̀tì, á ní ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀ yóò dín iná tí fíríìsà ń jẹ kù. Wọ́n á kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, á padà wá: “Ẹ wo mítà yín, ọ̀gá. Ṣé ẹ rí i báyìí?” Lóòótọ́, yúnììtì tí wọ́n ń jẹ ti wálẹ̀. Ọ̀gá á san owó tó kù, á tún fún un ní omi tútù mu.

Òjò ló bá a dín in kù. Ní ọ̀pọ̀ sùpámákẹ́ẹ̀tì, fíríìsà àti fíríìjì ló ń jẹ nǹkan bí ìdajì iná, nítorí iṣẹ́ wọn ni láti máa kó ooru inú wọn dà síta. Bí ìta bá ṣe gbóná tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń le tó. Ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìjẹ̀bú-Òde lè gun nǹkan bí 33 dígírì. Ti oṣù kẹjọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 28. Bí ẹ bá lẹ páálí òfìfo mọ́ ògiri lóṣù kẹta, yúnììtì á wálẹ̀ lóṣù kẹjọ.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí NERC, àjọ tó ń bójú tó iná lórílẹ̀-èdè yìí, ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́ fún, láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 lórí yúnììtì kan, kò sí ọlọ́jà tí kò máa wá ohun tó lè dín in kù. Ibi tí ara bá ti ń ro èèyàn ni alágbo ń kiri lọ.

Ohun tí a ń sọ kò le. Ẹ má fi iná tí ẹ jẹ lóṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá. Ẹ fi wé èyí tí ẹ̀ bá jẹ ká ní ẹ ò gbé ẹ̀rọ kankan wọlé. A ò lè fojú rí “ẹ̀ bá jẹ” yẹn, ṣùgbọ́n a lè ṣírò rẹ̀. Ọdún kan gbáko kí ẹ̀rọ tó dé, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: nọ́ńbà mítà, bí ooru ṣe tó, wákàtí tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, bóyá ọjọ́ ọdún ni. Kọ̀ǹpútà á tò wọ́n pọ̀, á sì sọ iye yúnììtì tí ọjọ́ tó bá gbóná tó báyìí máa ń gbà. Olùkọ́ ìṣirò tó ní ìwé gíráàfù náà lè ṣe é, àfi pé yóò pẹ́ díẹ̀.

Ká ní ilé ìtajà kan ń jẹ yúnììtì 200 lójúmọ́ lóṣù kẹta, tó wá ń jẹ 165 lóṣù kẹjọ. Onípáálí á ní 35 ni òun bá wọn fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá fi hàn pé ọjọ́ tó tutù bẹ́ẹ̀ kì í jẹ ju 170 lọ tẹ́lẹ̀. Márùn-ún péré ni ẹ̀rọ yẹn mú wálẹ̀. Ní 225 náírà oṣù kẹrin ọdún 2024 yẹn, 33,750 náírà lóṣù nìyẹn, kì í ṣe 236,250 tó wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ Ìjẹ̀bú ń ka owó kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A ò mọ ìgbà tí a gbàgbé àtika yúnììtì.

Àwa níbí tún ní tiwa. Ojúde Ọba kì í dúró sójú kan. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, nítorí náà ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ló bọ́ sí lọ́dún 2023, ọjọ́ 18 lọ́dún 2024, ọjọ́ 8 lọ́dún 2025. Lọ́sẹ̀ yẹn, ilẹ̀kùn fíríìjì ẹlẹ́rìndòdò kì í ráyè padé. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹfà wé irú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e láìka Ojúde Ọba sí, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ.

Jẹnẹrétọ̀ ló wá burú jù. Bí iná bá lọ, mítà á dúró, fíríìsà kò ní dúró. Ọ̀gá á rí i pé yúnììtì òun kò tètè tán, á rò pé òun jèrè, dísẹ́ẹ̀lì sì ń lọ lẹ́yìn ilé. Lítà kan kì í sábà fún jẹnẹrétọ̀ ilé ìtajà ní ju nǹkan bí yúnììtì mẹ́ta lọ. Àfi kí wọ́n ka ìyẹn náà mọ́ ọn.

A ò sọ pé kò sí ohun tó ń dín iná kù o. Ó wà: ilẹ̀kùn gíláàsì lára fíríìjì tó lanu sílẹ̀, rọ́bà etí ilẹ̀kùn tó ti ya tí wọ́n pààrọ̀, ìbora tí wọ́n fi bo fíríìsà mọ́jú. Àwọn wọ̀nyẹn ò bẹ̀rù ìṣirò.

Òfin iná mànàmáná ọdún 2023 fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa bójú tó iná tirẹ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára àwọn tó ti gba iṣẹ́ náà. Kí àjọ tó wà nídìí rẹ̀ pàṣẹ pé kí IBEDC, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, máa fún oníbàárà tó bá béèrè ní àkọsílẹ̀ mítà rẹ̀ lójoojúmọ́, láìgba kọ́bọ̀. Kí wọ́n tún pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ẹ̀rọ adín-iná-kù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bí wọn yóò ṣe ṣírò ohun tó dín kù, kí owó tó kù sì dúró dìgbà tí ìṣirò bá jáde.

Àwọn kan á ní ìwé kíkọ lójoojúmọ́ ti pọ̀ jù fún ọlọ́jà. Láti Fọlágbadé ní Ìjẹ̀bú-Òde dé Sábó ní Ṣágámù, wọ́n ń ka bísíkíìtì orí àtẹ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ìṣẹ́jú méjì ni nọ́ńbà mítà máa gbà mọ́ ọn.