Amẹ́ríkà kò rí ohun tó tìtorí rẹ̀ jagun gbà ní Ghent

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Baltimore níbí, ẹ̀gbọ́n kan tún sọ ọ́: pé ogun 1812 ni Amẹ́ríkà fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́gbọ́n, títí Gẹ̀ẹ́sì fi tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní dí ọ̀nà òkun mọ́, òun kò sì ní fipá kó atukọ̀ Amẹ́ríkà sínú ọkọ̀ ogun òun mọ́. Gbogbo tábìlì ń mi orí. Ọmọ mi náà ti gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wálé láti ilé ìwé. Ó ti sú mi.

Ẹ ka ìwé àdéhùn tí wọ́n fi parí ogun náà ní Ghent, ìlú kan ní Belgium. Èmi jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, abala mọ́kànlá péré ni. Ààlà Kánádà ló gba ibi tó pọ̀ jù. Ó mẹ́nu ba àwọn tí wọ́n mú lójú ogun àti àwọn ẹ̀yà onílẹ̀, ó sì ní kí oníkálukú dá ilẹ̀ tó gbà padà. Ti ọ̀nà òkun tí wọ́n ń dí àti atukọ̀ tí wọ́n ń fipá kó, tí Ààrẹ Madison kà sílẹ̀ fáwọn aṣòfin lóṣù Kẹfà 1812 pé ìwọ̀sí ni, ẹ wá a títí, ẹ ò ní rí gbólóhùn kan.

Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé o. Lóṣù Kẹfà 1814, Monroe tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kọ̀wé sí John Quincy Adams, Henry Clay àtàwọn aṣojú yòókù tó lọ bá Gẹ̀ẹ́sì jíròrò àlàáfíà pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ atukọ̀ ni kò ní jẹ́ kí ogun parí, kí wọ́n pa á tì. Kí ni ì bá ṣe? Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dí etíkun láti New England dé New Orleans, owó ibodè tí ìjọba gbójú lé ti gbẹ. Lóṣù Kẹjọ, wọ́n dáná sun ilé ààrẹ. Pé Gẹ̀ẹ́sì bèèrè ilẹ̀, tí Adams àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fún un, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti máa yìn wọ́n.

Òfin tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń dá ọkọ̀ ọlọ́jà dúró lọ́nà Faransé ńkọ́? Ìlú Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀ fà á tì ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1812, nítorí ariwo àwọn oníṣòwò wọn. Ọjọ́ 18 ni Amẹ́ríkà ti kéde ogun, ìròyìn kò sì tíì kọjá òkun.

Ẹ má gbé ogun New Orleans, tí Amẹ́ríkà ti borí, wá bá mi. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 1815 ni wọ́n jà á. Ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá tó ṣáájú ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn.

Lóòótọ́, Gẹ̀ẹ́sì kò kó atukọ̀ wọn mọ́. Ogun tí wọ́n ń bá Napoleon ti Faransé jà ló parí, tí ọkọ̀ ogun wọn kò wá èèyàn kiri mọ́. Bóyá wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka Amẹ́ríkà sí díẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Abala kẹwàá ní kí àwọn méjèèjì sapá láti fòpin sí òwò ẹrú. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọn kò parí ìjà ojú òkun yẹn, Amẹ́ríkà kò gbà kí Gẹ̀ẹ́sì máa tú inú ọkọ̀ tó bá ta àsíá Amẹ́ríkà láti wá ẹrú títí di 1862. Àwọn olówò ẹrú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àsíá Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ta sókè bí wọ́n ti ń kó èèyàn kúrò nílẹ̀ Áfíríkà lọ sí Cuba, èèyàn tiwa sì wà nínú wọn.