Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Ń Wọgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìgbèrú

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹni tó bá ti rí ẹlẹ́dẹ̀ nídìí ọgbà ẹ̀gẹ́ rí á mọ̀ pé kì í já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Á ti imú bọ àlàfo igi méjì, á tú ilẹ̀ díẹ̀, á tún tì í. Kí olóko tó fura, ẹ̀gẹ́ ti lọ.

Ohun tí à ń pè ní ìgbèrú gan-an nìyẹn. Bí ẹnì kan bá jẹ tẹ́tẹ́ lónìí tó dolówó lọ́la, a lè ní ó rí já jẹ, a kì í ní ó gbèrú. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní kékeré tó ń pọ̀ sí i ló ń gbèrú: iṣẹ́, ìlú, ìjọ, oko.

Ẹ wo kòkó. Oòrùn gangan kì í jẹ́ kó ṣe dáadáa ní kékeré, nítorí náà àgbẹ̀ Oǹdó tàbí Ìdànrè á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín rẹ̀ kó lè ṣíji bò ó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni yóò máa tà fún ọdún méjì, mẹ́ta, tí kòkó ò tíì so. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Ẹni tó bá kó gbogbo owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé aṣọ ẹbí, kí ni yóò fi gba lébìrà tí yóò roko? Igbó á bo kòkó mọ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti mọ̀ ọ́n tipẹ́: jẹ, kó o sì ṣẹ́kù. Owó kòkó tó ń wọlé lápò lápò yìí náà ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó alájà 26 ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, tí wọ́n parí lọ́dún 1965. Owó kòkó yìí sì wà lára ohun tó gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ró láti 1955.

Àmọ́ imú ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ ire yàtọ̀ sí ibi o. Gbèsè ń gbèrú. Olè jíjà ń gbèrú. A lè pa òwe kan náà fún ọmọṣẹ́ tó ń kánjú àti fún ọmọ tó ń yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, má fi oṣù àkọ́kọ́ díwọ̀n ara rẹ. Yọ owó ọjà sọ́tọ̀ kó o tó fọwọ́ kan èrè. Bí o bá sì jẹ èèyàn lówó, bó ti wù kó kéré tó, tètè san án kó tó gbèrú.