Green bond kì í ṣe títa igbó

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kiri pé ìjọba Nàìjíríà ti fi green bond ta igbó wa fún òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àníyàn yín lórí igbó tọ̀nà. Èmi náà ní in.

Ẹ̀yáwó ni green bond. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ yá bílíọ̀nù 10.69 náírà fún ọdún 5, pẹ̀lú èlé 13.48% lọ́dún.

Ẹni tó fi oko kòkó dógò lè pàdánù oko náà. Ìjọba kò fi igbó kankan dógò níbí. Orúkọ ara rẹ̀ ló fi dúró. "Green" ń sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó ṣe: igi gbígbìn, iná oòrùn.

Ìwé tí wọ́n fi kéde rẹ̀ wà lọ́dọ̀ DMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba. Ẹ kà á fúnra yín.